Ìkùukùu Tí Ojú Ń Tì

Ọlọ́hun tó mú mi lọ, tó sì mú mi bọ̀, ni mo kọ́kọ́ fi ọpẹ́ fún. N kò kó sí wàhálà lójú ọ̀nà, n kò ṣàìsàn nílẹ̀ àjèjì, bí mo ṣe fi ilé sílẹ̀ ni mo ṣe bá a. Láti ìgbà tí mo ti dé lẹ̀yin ará ilé ti ń bi mí pé kí ni mo lọ wá ní Djougou, lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Kútọnù. Àwọn kan ní ìyàwó kékeré ni mo lọ fẹ́. Àwọn kan ní mo lọ ra ọkọ̀. Ẹ má bínú, kò sí ìyàwó, kò sì sí ọkọ̀. Ojú ọ̀run ni mo lọ wò.

Ẹni tó rán mi níṣẹ́ ti fún mi láyè láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kàn ní kí n má bù mọ́ ọn.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Àfáà Lámídì ló kọ́ mi ní kéú. Ilé rẹ̀ wà ní Apá, nítòsí Àgbádárìgì, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi fà mí lé e lọ́wọ́, àti ìmọ̀ Ọlọ́hun àti ìfẹ́ ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà wọ́n. Lónìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé kan ní Mowó, àmọ́ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àfáà, orí ẹní náà ni mo ṣì ń jókòó sí.

Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, ó lo ọdún mẹ́rin ní Djougou níbi tó ti ń wá ìmọ̀. Nígbà tó padà dé, ó ń ròyìn ibẹ̀ fún àwọn èèyàn, ó wá sọ pé òun rí ìkùukùu kékeré kan lójú ọ̀run wọn, tí kì í tú ká, tí afẹ́fẹ́ kì í gbé lọ, tó ń bá ìràwọ̀ yọ tó sì ń bá ìràwọ̀ wọ̀. Àwọn èèyàn bá a jáde lọ sí etí òkun kó lè fi hàn wọ́n. Kùrukùru òkun bo ojú sánmà, àtùpà sì wà lọ́wọ́ oníkálùkù. Wọn ò rí nǹkan kan. Bàbá ní, "Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ó máa ń sá. Ojú máa ń tì í."

Háà! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ìkùukùu tó ń tijú! Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Àfáà Oníkùukùu. Lọ́dún kan lẹ́yìn ìyẹn, ó wà ní Gbẹ̀rẹ̀fú, abúlé orí yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ó rí oṣù ààwẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ fún àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè torí ẹni tó ń rí ìkùukùu tó ń tijú sọ pé kí ìlú gba ààwẹ̀. Bàbá kò tún bá wọn wo oṣù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èmi gbà á gbọ́, torí mo ti kà á nínú ìwé pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni, ó jìnnà ré kọjá gbogbo ìràwọ̀ tiwa. Àìmọye ìràwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ká bí ikarahun ìgbín. Andromeda ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo àwọn tó tóbi tó ká bẹ́ẹ̀, òun ló sún mọ́ wa jù.

Èmi yìí náà ni mo wá ba nǹkan jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ojú Bàbá ṣì ń ríran díẹ̀, mo ní kí n múnú rẹ̀ dùn. Mo wá àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà lórí fóònù, mo gbé e sún mọ́ ọn lójú. Àwòrán náà rẹwà: àárín rẹ̀ dà bíi wúrà, etí rẹ̀ dà bí aró, apá rẹ̀ ń ká kò yí i po.

"Bàbá, ìkùukùu yín rèé o!"

Ó wò ó pẹ́. "Èyí kọ́," ó ní.

"Òun ni, Bàbá."

"Múráínà, mo ní èyí kọ́. Èyí tí mo rí kò ní àwọ̀ kankan. Kò sì ká kò. Ńṣe ló rí bí ìgbà téèyàn mí èémí sára dígí." Ó dá fóònù padà fún mi. "Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé n kò rí i nìyẹn."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀. Kò tán. Kí ọdún tó yí po, nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, dókítà sì ní ó ti pẹ́ jù. Nínú òkùnkùn náà ni iyèméjì ti ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Àlàásárì, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ẹ̀rí èké, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo kà fún mi níjọ́sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń sọ pé mo rí nǹkan yẹn. Tí n kò bá rí i, mo gbọ́dọ̀ tuúbá kí n tó lọ bá Ẹlẹ́dàá mi. Tí mo bá sì lọ tuúbá fún ohun tí mo rí, irọ́ mìíràn ni mo tún pa yẹn. N kò mọ èwo ni kí n ṣe mọ́. Lọ bá mi wò ó. Ojú ara rẹ ni kó o fi wò ó, kì í ṣe ojú fóònù. Ohun tó o bá rí ni kó o wá sọ. Má torí pé o fẹ́ràn mi bù mọ́ ọn."

Ìyá Sẹ̀nàmi, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ègùn ni ìyá náà, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń bá Ègùn jáde pọ̀. "Vi ṣie," ó ní, ìyẹn ọmọ mi, "jọ̀ọ́, lọ o. Ìkùukùu láàárọ̀, ìkùukùu lálẹ́. Gbogbo obìnrin ló mọ orogún tirẹ̀ lójú. Èmi, tèmi wà lókè ọ̀run!"

Bí àwọn èdè mi ṣe já bọ́

N kò ní fi mọ́tò àti ìwé ìrìnnà dà yín láàmú. Ohun tó yà mí lẹ́nu lójú ọ̀nà ni bí èdè ṣe ń já bọ́ lára èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹrù tí wọn ò so dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì mi kú sí Sẹ̀mẹ̀, lójú ibodè gan-an. Ègùn mi sìn mí díẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta àkàsà ní Kútọnù kí mi káàbọ̀ bíi pé àbúrò ìyá mi ni, ó tún bi mí bóyá omi Àgbádárìgì ṣì ń jẹ ilẹ̀. Nígbà tó yá, Ègùn náà yí padà díẹ̀díẹ̀ títí tí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ní Ṣábẹ, mo tún bá Yorùbá. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Ìyá arúgbó kan fún mi lómi, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin, mo gbọ́ ìdajì, mo fi ẹ̀rín dáhùn ìdajì tó kù. Ó bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Mo ní Djougou. Ó ní, "O lẹ́bí níbẹ̀?" Mo ní rárá. Ó wò mí, ó ní, "Kí Ọlọ́run fún ẹ lẹ́bí kó o tó dé ibẹ̀." Mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Lẹ́yìn Parakú, Yorùbá náà tán. Igi àgbọn ti tán tipẹ́. Ilẹ̀ pọ́n, ètè mi ń là, afẹ́fẹ́ kò ní iyọ̀ nínú. Àwa tí wọ́n bí sí etíkun kì í mọ̀ pé ìró omi wà létí wa títí dìgbà tó bá dákẹ́. Nígbà tí mo dé Djougou, salamáléékù nìkan ló kù fún mi nínú gbogbo ohun tí mo lè sọ. Ṣùgbọ́n ó tó. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ sí dá mi lóhùn, ó sì fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀.

Wọn kì í béèrè orúkọ àlejò

Agbo ilé tí Bàbá Àfáà ti kẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà. Màálámù tó kọ́ ọ ti kú, ọmọ màálámù náà ti kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mo bá, Àlàájì Ìdírísù, ọkùnrin gíga kan tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ara mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Wọ́n gbé ẹní wá, wọ́n gbé omi wá nínú igbá, wọ́n kí mi. Wọ́n tún kí mi. Wọ́n béèrè àlàáfíà ilé, ti oko, ti ara, ti ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ lédè Dẹ́ńdì, mo ń dáhùn pẹ̀lú àlàmùdù. Mo jẹun. Mo kírun. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bi mí pé ta ni mí. Mo ronú nípa bí àwa ṣe máa ń ṣe nílé: àlejò kò tíì ríbi jókòó tá a ti bi í pé ta ló rán an wá.

Oúnjẹ wọn náà yẹ ní sísọ. Wọ́n ń fi èlùbọ́ iṣu se nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní wasa-wasa: hóró-hóró dúdú bí iyanrìn tómi rin, òróró àti ata wà lórí rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi sẹ́nu, mo rò pé wọ́n gbàgbé láti rò ó pọ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, mò ń wá a kiri. Wàrà wọn le, pupa lẹ́yìn, wọ́n ń dín in bí ẹja. Ẹja gidi ni ọkàn mi ń fà sí, n kò lè parọ́. Ẹja tó wà lọ́jà gbẹ bí ìwé.

Ẹ ti ń ronú pé báwo lèmi àti Àlàájì ṣe ń gbọ́ra wa. Ọkùnrin náà ta àlùbọ́sà ní Èkó fún ọdún díẹ̀, ọjà ló sì ti kọ́ Yorùbá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ló ń dún bí ìná-ọjà. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò.

"Mẹ́ta kò gbà," ó ní. "Ẹ fi mẹ́rin lé e, ká parí ẹ̀ sí méje."

"Àlàájì, iṣẹ́ wà nílé."

"Ó dáa. Ẹ gba márùn-ún, ẹ máa lọ. Èèyàn dáadáa lẹ jẹ́, ni mo fi tà á fún yín."

Nàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, ni wọ́n ń pè mí, gbogbo wọn, àgbà àti ọmọdé. Wọ́n máa ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni ń sọ irú ẹyẹ kan. Mo jẹ́ ẹnì kan nílé. Níbẹ̀, Nàgó ni mí. Ṣùgbọ́n Àlàájì sọ fún mi pé wọ́n ṣì ń pa ìtàn Nàgó kan tó wà lọ́dọ̀ bàbá-bàbá òun nígbà kan, ọmọ etí òkun, tó máa ń lọ jókòó létí oko ọkà bàbà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, torí ó ní ìró ewé ọkà dà bí ìró omi ìlú òun. Nígbà míì, ó máa ń sunkún. Bàbá Àfáà kò sọ ìyẹn fún wa rí.

Irọ́ tí mo pa

Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ yan ìparí oṣù, tí òṣùpá kì í sí lójú sánmà lálẹ́. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, èéfín igbó tí wọ́n ń sun gba gbogbo ojú ọ̀run. Ìrọ̀lẹ́ kejì, ó mọ́. Lẹ́yìn Ìṣáì, Àlàájì gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí oko iṣu rẹ̀ tó jìnnà sí ìlú, níbi tí kò síná.

Ẹ̀yin ará ilé mi, àwa kì í rí ojú ọ̀run níhìn-ín. Iná ọ̀nà márosẹ̀ àti kùrukùru òkun ni a ń rí. Ní oko Àlàájì, mo gbójú sókè, mo sì kọ́kọ́ di igi oko mú. Ìràwọ̀ pọ̀ débi tí mo fi rò pé wọ́n máa ń dún, pé etí mi ni kò gbọ́. "Subuhánalláhì" nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

Àlàájì na ọ̀pá sókè sí apá àríwá. "Ibẹ̀ yẹn ni. Bàbá mi fi hàn mí níbí yìí. Ẹ rí i?"

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ìràwọ̀ ni mo rí, àti òkùnkùn láàárín ìràwọ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa. Lókè ọ̀pá mi. Ẹ rí i?"

Mo tẹjú mọ́ ọn títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Kò sí nǹkan kan. Ọkùnrin yìí ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti gbé mi la igbó kọjá, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ọ̀pá. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní, "Mo rí i, Àlàájì. Ẹ ṣeun."

Ó ní, "Alhamdulilahi!" Ó sọ ọ̀pá kalẹ̀, a gun ọ̀kadà padà sílé.

N kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí gún mi láyà. Èmi tí wọ́n rán láti lọ yanjú ọ̀ràn ẹ̀rí èké, èmi náà ti jẹ́ ẹ̀rí èké, torí kí n má ba ọkàn ẹni tó gbà mí lálejò jẹ́. Ìyẹn burú. Ohun tó tún burú jù ú lọ dé nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá Àṣùbá lọ́jọ́ kejì: tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe Bàbá ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin àjèjì, nílé àwọn àjèjì, màálámù rẹ̀ na ọ̀pá sókè, ó ní ṣé o rí i, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ títí ó fi gbà á gbọ́. Omi tutù ń ṣàn lọ́wọ́ mi, n kò lè ṣe é tán. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un?

Jánábù

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, mo ní kí Àlàájì tún gbé mi lọ. Nígbà tí a dé oko, mo dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ kéú tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Àlàájì, mo parọ́ fún yín lánàá. N kò rí nǹkan kan."

Ó wò mí. N kò rí ojú rẹ̀ dáadáa, mo ṣáà rí i pé èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo rò pé ó ń bínú. Ẹ̀rín ni.

"Ẹ ò rí i? Nàgó, èmi náà ò rí i rí!"

"Kí lẹ wí?"

"Bàbá mi na ọ̀pá síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní, ṣé mo rí i? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ebi ń pa mí, a ò sì ní lọ sílé tí n kò bá rí i. Ibi tó na ọ̀pá sí ni mo na ọ̀pá sí fún yín."

"Ó wá lè jẹ́ pé bàbá yín náà..."

"Ẹ má parí ẹ̀!" ó ní, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

A dúró síbẹ̀, àwa méjèèjì, ọkàn wa sì rẹ̀wẹ̀sì. Gáà Fúlàní kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà. Obìnrin àgbà kan láti ibẹ̀, Jánábù, ló máa ń gbé wàrà wá sílé Àlàájì, mo ti mọ ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn wa, ó wá kí wa. Àlàájì ṣàlàyé fún un lédè Dẹ́ńdì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Àlàájì ń túmọ̀ ohun tó sọ fún mi, bó ṣe ń túmọ̀ ọ́ ni ojú ń tì í.

"Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ní àwa ọkùnrin méjèèjì ń wò ó bí ẹni tó wá gba gbèsè. Ó ní tí màlúù bá ń tapá, tẹ́ ẹ sì fẹ́ fún wàrà rẹ̀, ṣé ẹ máa ń wò ó lójú? Ó ní ẹ máa ń ṣe bíi pé nǹkan mìíràn lẹ̀ ń wò. Ó ní ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Mo gbé ojú mi kúrò níbi tí ọ̀pá na sí. Mo fi í sórí ìràwọ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀, mo sì fi í síbẹ̀ bíi pé òun ni mo bá wá.

Ó sì yọ. Láti etí ojú mi ló ti yọ, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó wọ mọ́ṣáláṣí nígbà tí ìrun ti bẹ̀rẹ̀. Funfun díẹ̀ ni, ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ó rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, etí náà kò sì ní ibi tó parí sí. Kò ní wúrà, kò ní aró, kò ní apá kankan tó ká kò. Ó dà bí ibi tí èmi tíṣà ti nu ẹfun kúrò lójú pátákó tí kò mọ́ tán. Ayọ̀ mú mi, mo yí ojú sí i gan-an kí n lè rí i dáadáa. Ó lọ. Mo gbé ojú kúrò. Ó padà dé.

*Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ó máa ń sá. Ojú máa ń tì í.*

Mo jókòó sílẹ̀ lórí ebè iṣu. Ohun tí wọ́n fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá ń parọ́ máa ní ó ń tàn yòò ni. Ẹni tí kò rí i kò lè ronú kàn án láéláé pé ó máa ń sá. Mo mọ ìdí rẹ̀ nínú ìwé, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ: àárín ẹyinjú wa, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni Ọlọ́hun dá a fún, etí rẹ̀ ló ń rí ohun tó ṣókùnkùn. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ya àwòrán orí fóònù máa ń la ojú sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, tí yóò máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ, èyí tí ojú èèyàn kò lè ṣe. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, mo sì tún gbé fóònù fún bàbá arúgbó pé ìkùukùu rẹ̀ rèé.

Àlàájì kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ó wà o! Ó wà! Bàbá mi ò parọ́!" Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bàbá mi rò pé a jọ rí i ni. Títí ó fi kú." Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì ṣàdúrà fún un, mo ń ṣe àmín.

Jánábù ti dìde. Ó ní àwọn màlúù ń dúró de òun, pé tí a bá ti wò ó tán, ká má gba àárín iṣu kọjá. Èmi kò tíì fẹ́ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí mò ń wò ti gbéra ní ilé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta àwọ̀n sí òkun wa. Ọkàn mi fà sí i bí ọkàn ṣe ń fà sí ilé, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń ṣàárò ibi tí kò dé rí. Bàbá Àfáà ni mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Apá

Mo fẹ́ gbéra lọ́jọ́ kejì, Àlàájì kò gbà, ó ní márùn-ún la jọ parí rẹ̀ sí. Mo lo márùn-ún náà. Mo rí i ní alẹ́ méjì mìíràn, mo sì dúpẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Àgbádárìgì. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ gbá mi lójú, omi sì ń dún. N kò ya ilé mi. Bàbá Àfáà wà lórí ẹní rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Sẹ̀nàmi ní láti ọjọ́ tí mo ti lọ ni kò ti fi bẹ́ẹ̀ jẹun.

"Múráínà."

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Kí lo rí?"

"Bàbá, ó kéré. Tí wọn ò bá sọ fún èèyàn, èèyàn á fò ó kọjá. Kò ní àwọ̀ kankan. Ó funfun díẹ̀, ó gùn díẹ̀. Ẹ̀yin ní ó rí bí ìgbà téèyàn mí sára dígí. Lójú tèmi, ó rí bí ibi tí wọ́n ti nu ẹfun kúrò lójú pátákó."

Ó rò ó. "Tìrẹ dára ju tèmi lọ." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà. Lẹ́yìn náà, ó béèrè èyí tó fẹ́ béèrè. "Ṣé ó sá?"

"Ó sá, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn."

Ó fi iwájú orí kanlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí, Ìyá Sẹ̀nàmi ti ń fi etí ìró nu ojú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Mawu! Ọlọ́hun o! Olóòótọ́ ni mo fẹ́ látọjọ́ yìí, wọn ò sọ fún mi!"

"Ìwọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà yẹn," Bàbá ní.

"Mo rẹ́rìn-ín, kí ló dé? Tó o bá ń bínú, o máa ń rẹwà."

Mo ní màá dìde sọ̀rọ̀ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jimọ́ọ̀, kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Bàbá mirí. "Ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn tó fi mí ṣẹ̀rín ti lọ tán. Ọwọ́ mi yìí ló wẹ òkú ẹlòmíì nínú wọn. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n. Wọn ò rí i ni, wọ́n sì sọ pé àwọn ò rí i. Òótọ́ ni tiwọn náà. Tó o bá fẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ."

A kírun Màgàríbì, a jẹun, ó sì jẹun dáadáa. Lẹ́yìn Ìṣáì, ó di ọwọ́ mi mú.

"O mọ ohun tó ṣe mí láti ọdún tó kọjá? Ọkàn mi a fẹ́ lọ síbẹ̀, sí oko yẹn, sí ojú ọ̀run yẹn, màá sì lé e padà. Màá ní, padà wá, kò sí nǹkan níbẹ̀. Èèyàn kì í ṣàárò ohun tí kò sí. Àṣé ohun tó ń dùn mí nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n pè mí ní òpùrọ́." Ó fún ọwọ́ mi. "Ní báyìí, mo lè máa ṣàárò rẹ̀."

Ó ní kí n gbé àga òun jáde. Mo gbé e sí àgbàlá, mo mú un jókòó. Ó ní, "Kọ ojú mi sí i." Mo yí àga náà sí àríwá, a kẹ̀yìn sí òkun. Iná ọ̀nà márosẹ̀ ti sọ ìsàlẹ̀ sánmà di pupa rúsúrúsú, kùrukùru sì wà lókè rẹ̀.

"Ṣé ó ti wà níbẹ̀ báyìí?"

"Ó ti wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ìwọ rí i?"

Mo wò ó, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tún wò ó. "Rárá, Bàbá. N kò rí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó ń wá apá mi nínú òkùnkùn.

"A dọ́gba nìyẹn," ó ní. "Gbé àga tìẹ wá."